Bí agolo mílíìkì ṣe fẹ́ gba ọmú lẹ́nu ọmọ: ìtàn kan tó gba Ìbàdàn àti Imẹ̀sí-Ilé kọjá

1/ Ìtàn ni mo gbé wá lónìí, ó sì gùn díẹ̀, ẹ wá nǹkan fìdí lé. Ọ̀rọ̀ ọmú ìyá ni. Tí wọ́n bá ti dárúkọ ẹ̀, ohun tá a máa ń gbọ́ kò ju "fún ọmọ lọ́mú, ó dáa fún un" lọ. Kì í sẹ́ni tó ń sọ fún wa pé ìjà ni wọ́n jà kí gbólóhùn yẹn tó dé ẹnu nọ́ọ̀sì. Lára àwọn tó kọ́kọ́ figbe ta, àwọn kan wà tó jẹ́ pé ilẹ̀ Yorùbá ni wọ́n ti ṣiṣẹ́.

2/ Ká bẹ̀rẹ̀ nílé. Láyé àtijọ́, obìnrin Yorùbá máa ń fún ọmọ lọ́mú fún ọdún méjì, nígbà míì ó lè tó mẹ́ta. Ní gbogbo àsìkò yẹn, òun àti ọkọ ẹ̀ kì í sùn pọ̀. Wọ́n gbà pé tí ọkọ bá sún mọ́ ọn, ọmú á bàjẹ́, ọmọ á sì máa ṣàìsàn. John Caldwell àti ìyàwó ẹ̀ Pat, àwọn olùwádìí láti Australia, fara balẹ̀ wádìí àṣà yìí láàárín àwọn Yorùbá, wọ́n sì tẹ àbájáde ẹ̀ jáde lọ́dún 1977.

3/ Ọ̀rọ̀ pé oorun ọkọ ń ba ọmú jẹ́, kò rí bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ẹ wo ọgbọ́n tó wà nídìí ẹ̀: ara ìyá ráyè sinmi, ọmọ sì jẹun kánú kí àbúrò tó dé. Ọmú mímu fúnra ẹ̀ tún máa ń dá nǹkan oṣù dúró. Lónìí, àwọn dókítà gbà pé tí ọmọ ò bá tíì pé oṣù mẹ́fà, tó jẹ́ ọmú nìkan ló ń mu tọ̀sán tòru, tí nǹkan oṣù ìyá ò sì tíì padà, oyún ò lè tètè dúró. Ààbò ẹ̀ ju 98% lọ. Ẹ ṣáà kíyè sí i: ohun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbọ́dọ̀ pé. Tí ọ̀kan bá yẹ̀, ẹ wá ọ̀nà míì.

4/ Àmọ́ ká má purọ́ mọ́ àwọn ìyá wa àtijọ́ o. Wọn ò ṣe "ọmú nìkan." Ọmọ á mu omi, á mu àgbo, á mu ẹ̀kọ. Ọ̀pọ̀ wa la ti rí ìyá àgbà tó tẹ́ ọmọ sórí itan, tó da ẹ̀kọ sí àtẹ́lẹwọ́, tó ń fi rọ ọmọ bí ọmọ ṣe ń ké. Àwọn míì tiẹ̀ máa ń fún omi ọmú àkọ́kọ́, èyí tó ki tó sì pọ́n bí òróró, dànù pé ó dọ̀tí. Ìyẹn gan-an sì ni ó ní agbára jù lọ. A máa padà sórí ẹ̀.

5/ Ó dáa. Ibo ni agolo ti wá? Lọ́dún 1867, Henri Nestlé, ọmọ Jámánì kan tó ń gbé ní Vevey ní Switzerland, ṣe oúnjẹ kan jáde fún ọmọ tí kò rí ọmú mu. Wàrà màlúù, ìyẹ̀fun àlìkámà àti ṣúgà ló pò pọ̀. Ẹ rántí pé ìkókó ń kú bí ewé nílẹ̀ Yúróòpù nígbà yẹn. Ọmọ tí ìyá ẹ̀ kú sórí ìkúnlẹ̀, kí ni wọn ò bá fún un? Nítorí náà, nǹkan yìí kò bẹ̀rẹ̀ bí ibi. Ìgbà tí ọjà bẹ̀rẹ̀ sí í wá oníbàárà láàárín àwọn ìyá tí ọmú wọn kún fọ́fọ́ ni wàhálà dé.

6/ Obìnrin kan wà tó ń jẹ́ Cicely Williams. Jàmáíkà ni wọ́n bí i sí, ó kàwé dókítà ní Oxford. Lọ́dún 1929, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì rán an lọ sí Gold Coast, ìyẹn Ghana òde òní. Ibẹ̀ ló ti rí àwọn ọmọ tí ẹsẹ̀ wọn wú, tí irun wọn pọ́n, tí awọ ara wọn ń ṣí. Kò bá àwọn tó kù sọ pé "wọ́n ṣáà ń kú." Ó béèrè lọ́wọ́ àwọn ìyá pé kí ni ẹ̀yin ń pe àìsàn yìí?

7/ Wọ́n ní: kwashiorkor. Èdè Gá ni. Ìtumọ̀ ẹ̀ ni àìsàn tó ń kọlu ọmọ nígbà tí àbúrò bá dé. Ẹ ò rí nǹkan! Orúkọ àìsàn yẹn ti sọ ohun tó fà á: wọ́n já ọmọ lẹ́nu ọmú nítorí oyún tuntun, wọ́n wá ń fún un ní ẹ̀kọ àgbàdo lásán. Williams kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn àwọn dókítà lọ́dún 1933 àti 1935. Àwọn ọ̀gá kan bá a jiyàn, àmọ́ orúkọ tí àwọn ìyá Gá fún un ni gbogbo ayé ń pè é títí dòní.

8/ Wọ́n gbé Williams lọ sí Malaya. Ohun tó bá níbẹ̀ tún yàtọ̀. Àwọn ìkókó tí kò ì pé oṣù mélòó kan ń kú, kì í ṣe nítorí àbúrò. Mílíìkì alágolo tó dùn bí oyin, èyí tí wọ́n fi ṣúgà pò, ni wọ́n ń fún wọn. Àwọn ilé-iṣẹ́ ń polówó ẹ̀ fún àwọn ìyá pé ó dáa fún ìkókó. Lọ́dún 1939, ó dìde láàárín àwọn ọlọ́lá ẹgbẹ́ Rotary ní Singapore, ó pe ọ̀rọ̀ ẹ̀ ní "Milk and Murder". Ó ní irú ikú bẹ́ẹ̀, ìpànìyàn ni ká máa pè é.

9/ Ẹ lè máa rò ó pé: mílíìkì ṣáà ni, báwo ló ṣe ń pa ọmọ? Ọ̀nà mẹ́rin ni.
Ìkíní, omi. Tí omi tí wọ́n fi pò ó kò bá mọ́, tí kò sí iná tí wọ́n máa fi se fídà, ìgbẹ́ gbuuru dé nìyẹn.
Ìkejì, owó. Agolo tó yẹ kó tán láàárín ọjọ́ mélòó kan, ìyá tí kò lówó á fà á gùn dé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Omi funfun ni ọmọ á máa mu.

10/ Ìkẹta, kò sí ohun ìjà nínú agolo. Ọmú ìyá ní àwọn èròjà tó ń gbógun ti kòkòrò àrùn, agolo ò ní in.
Ìkẹrin ló burú jù: ọmú ń gbẹ. Bí ọmọ bá ṣe ń mu ún ni ara ṣe ń ṣe é. Ìyá tó gba agolo ọ̀fẹ́ ní ọsibítù, tó fún ọmọ fún ọ̀sẹ̀ kan, nígbà tí agolo bá tán, ọmú lè ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ. Ó wá di dandan kó máa ra agolo. Ẹ wá sọ fún mi, ṣé ẹ̀bùn ni agolo àkọ́kọ́ yẹn, àbí ìwọ̀ ẹja?

11/ Ibí ni ìtàn ti dé ilé wa. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950, dókítà Gẹ̀ẹ́sì kan, Derrick Jelliffe, ń ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Ìbàdàn. Ó wo bí àwọn ìyá Ìbàdàn ṣe ń bọ́ ọmọ wọn, ó sì kọ ọ́ jáde lọ́dún 1953. Ó kúrò lọ sí àwọn ilẹ̀ míì. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, òun yìí náà ló dá orúkọ kan sílẹ̀ tó ká àwọn oníṣòwò lára: àìjẹunrekánú tí òwò fà. Ìyẹn ni pé kì í ṣe ọ̀gbẹlẹ̀, kì í ṣe ogun. Ìpolówó ọjà ni.

12/ Ẹlòmíì ni Ralph Hendrickse. Ọmọ South Africa ni, Cape Town ni wọ́n bí i sí. Ó lé lọ́dún mẹ́wàá tó fi tọ́jú àwọn ọmọdé n'Ìbàdàn, ní UCH, kó tó lọ sí Liverpool lọ́dún 1969. Ẹ ronú ohun tí dókítà ọmọdé á rí n'Ìbàdàn lásìkò yẹn: ìlú ńlá, omi ẹ̀rọ tí kò dé gbogbo agboolé, àti àwọn ìyá tó ń gbọ́ lórí rédíò pé ọmọ tó bá mu mílíìkì agolo ló máa lágbára.

13/ Ẹnìkẹta ni David Morley. Òun wà ní ọsibítù Wesley Guild ní Iléṣà, ó sì ń ṣiṣẹ́ ní Imẹ̀sí-Ilé ní ìparí àwọn ọdún 1950. Níbẹ̀ ló ti dá kílíníìkì ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún sílẹ̀. Àwọn nọ́ọ̀sì ló ń ṣe iṣẹ́ tó pọ̀ jù níbẹ̀. Wọ́n á wọn ọmọ, wọ́n á fàlà sórí káàdì, wọ́n á dá káàdì náà padà fún ìyá kó lọ fi pamọ́ sílé. Tí ìlà bá ń gòkè, ọmọ ń dàgbà. Tó bá dúró, ẹ tètè wá nǹkan ṣe.

14/ Káàdì tí wọ́n ń fún yín ní kílíníìkì ọmọ wẹ́wẹ́ títí dòní, tí nọ́ọ̀sì ń fàlà sí tí ẹ bá gbé ọmọ lọ gba abẹ́rẹ́, ìdí ẹ̀ ni mo sọ yẹn o. Káàdì Imẹ̀sí-Ilé tàn dé ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè lágbàáyé. Àwọn ìyá tí ọ̀pọ̀ wọn ò mọ̀wé ló tọ́jú ẹ̀ sínú ọ̀rá, tí wọn ò jẹ́ kó sọnù. Nígbà tí àwọn kan ń sọ pé ìyá aláìmọ̀wé ò lè tọ́jú ìwé, àwọn ìyá Ìjẹ̀ṣà ti fi hàn wọ́n pé irọ́ ni.

15/ Nísinsìnyí, ẹ wá wò ó. Oṣù Kẹjọ ọdún 1973, ìwé ìròyìn New Internationalist ní Gẹ̀ẹ́sì gbé ọ̀rọ̀ mílíìkì agolo jáde. Dókítà méjì ni wọ́n fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò. Ta ni wọ́n? Hendrickse ti Ìbàdàn àti Morley ti Imẹ̀sí-Ilé. Àwọn méjèèjì sọ ewu tó wà nínú kí wọ́n máa ti fídà sọ́wọ́ ìyá tí kò ní omi tó mọ́, tí kò sì lówó. Látibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti kúrò lẹ́nu dókítà, tó bọ́ sígboro.

16/ Lọ́dún 1974, ẹgbẹ́ War on Want tẹ ìwé pẹlẹbẹ kan jáde, Mike Muller ló kọ ọ́, àkọlé ẹ̀ ni "The Baby Killer". Ó sọ nípa àwọn obìnrin tí ilé-iṣẹ́ wọ láṣọ nọ́ọ̀sì, tí wọ́n ń rìn káàkiri wọ́ọ̀dù àti ilé, tí wọ́n ń ta mílíìkì. Ìyá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ rí aṣọ funfun, ó rò pé ìmọ̀ràn ìlera ni. Ọjà ni wọ́n ń tà fún un.

17/ Ẹgbẹ́ kan ní Bern, Switzerland, tú ìwé yẹn sí èdè Jámánì, wọ́n sì yí àkọlé ẹ̀ padà sí "Nestlé ń pa ọmọ ọwọ́." Nestlé pè wọ́n lẹ́jọ́. Lọ́dún 1976, adájọ́ dá àwọn mẹ́tàlá lẹ́bi pé àkọlé yẹn bà wọ́n lórúkọ jẹ́, kí kálukú san 300 fráǹkì. Àmọ́ adájọ́ kan náà sọ fún ilé-iṣẹ́ pé kí wọ́n lọ tún ọ̀nà tí wọ́n ń gbà polówó ọjà wọn rò. Wọ́n jàre ní kóòtù, àmọ́ gbogbo ayé ti gbọ́.

18/ Lọ́dún 1977, àwọn èèyàn ní Minneapolis ní Amẹ́ríkà ní àwọn ò ra ọjà Nestlé mọ́, ó sì tàn kálẹ̀. Lọ́dún 1978, Sẹ́nétọ̀ Edward Kennedy pe àwọn ilé-iṣẹ́ wá sọ tẹnu wọn níwájú ìgbìmọ̀ Sẹ́nétì. Nígbà tó di May 21, 1981, àpérò àjọ ìlera àgbáyé, WHO, dìbò lórí òfin tó ń darí títa mílíìkì ọmọdé: kò sí ìpolówó fún aráàlú, kò sí agolo ọ̀fẹ́ fún ìyá, kò sí kí wọ́n fi aṣọ nọ́ọ̀sì tajà.

19/ Orílẹ̀-èdè 118 ní bẹ́ẹ̀ ni. Mẹ́ta ò dá sí i. Ẹyọ kan ṣoṣo ló ní rárá: Amẹ́ríkà, lábẹ́ Reagan. Ó dun àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba wọn méjì, Stephen Joseph àti Eugene Babb, débi pé wọ́n kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀. Nàìjíríà náà ṣe òfin tiẹ̀ lórí títa mílíìkì ọmọdé lọ́dún 1990, nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti, tóun náà jẹ́ dókítà ọmọdé, wà nípò mínísítà ìlera. NAFDAC ló ń mójú tó o.

20/ Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń bi mí pé kí ló wà nínú ọmú tí wọ́n fi ja irú ìjà yìí, ó ti kàn yín. Fún ọmọ: omi ọmú àkọ́kọ́ tí mo ní a máa padà sí yẹn kún fún ohun tó ń bá àrùn jà, bí abẹ́rẹ́ àjẹsára àkọ́kọ́ ni. Ẹ má dà á nù. WHO ní kí ọmọ fẹnu kan ọmú láàárín wákàtí kan tí wọ́n bí i, kó mu ọmú nìkan fún oṣù mẹ́fà, láìsí omi, láìsí àgbo, lẹ́yìn náà kí oúnjẹ máa bá ọmú rìn títí dé ọdún méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀. Ìgbẹ́ gbuuru àti òtútù àyà kì í fi bẹ́ẹ̀ rí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ gbé ṣe.

21/ "Òùngbẹ ò ní gbẹ ọmọ nínú oòrùn yìí?" Rárá. Omi ló pọ̀ jù nínú ọmú. Tí ooru bá mú, ọmọ á kàn mu ún léraléra ni. Ìyá ni kó mu omi dáadáa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fọgbọ́n sọ ọ́ fún màmá, ẹ má kígbe mọ́ wọn. Ìfẹ́ ló mú wọn gbé ife omi dání.

22/ Fún ìyá ńkọ́? Bí ọmọ ṣe ń fa ọmú lẹ́yìn ìbí, ara ìyá ń tú èròjà kan jáde tó ń mú kí ilé ọmọ sún kì, ẹ̀jẹ̀ sì ń dín kù. Àrùn jẹjẹrẹ ọmú àti ti ilé ẹyin ń dín kù fún ẹni tó bá fún ọmọ lọ́mú. Lọ́dún 2002, àwọn olùwádìí kó ìwádìí 47 láti orílẹ̀-èdè 30 pọ̀: fún oṣù méjìlá kọ̀ọ̀kan tí obìnrin bá fi fún ọmọ lọ́mú, ewu jẹjẹrẹ ọmú ń fi 4.3% wálẹ̀. Lọ́dún 2016, ìwé ìròyìn Lancet ní tí gbogbo ayé bá ń ṣe é bó ṣe yẹ, ẹ̀mí ọmọdé 823,000 àti ti ìyá 20,000 ni à bá máa gbà là lọ́dọọdún.

23/ Níbo la wá wà? Ìwádìí ìjọba Nàìjíríà fi hàn pé lọ́dún 2013, ìkókó tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà tó ń mu ọmú nìkan ò ju 17% lọ. Lọ́dún 2018, ó di 29%. Ó gòkè, àmọ́ kò tíì tó ìdá kan nínú mẹ́ta. Ibi tí mo ti fẹ́ ká ronú nìyí: tí ẹ bá gbọ́ eléyìí, ta lẹ máa dá lẹ́bi? Ìyá ni àwọn èèyàn sábà máa ń bú. Wọ́n á ní ó ń ṣọ́ kí ọmú ẹ̀ má rọ̀. Wọ́n á ní ọ̀lẹ ni, ó ń ṣe sisí.

24/ Ẹ wo òfin iṣẹ́ ilẹ̀ wa. Ó fún obìnrin ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ṣáájú ìbí, mẹ́fà lẹ́yìn ìbí. Lẹ́yìn náà, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ láti fún ọmọ lọ́mú. Oṣù mẹ́fà ni dókítà ní kó ṣe, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni òfin fún un. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú wo ló fẹ́ gbé e láti Marina dé Ìkòròdú kó tún padà? Ti ìyá tó ń ta tòmátì ní Bódìjà ńkọ́, tí kò ní ọ̀gá tó máa fún un ní ìsinmi? Ọ̀pọ̀ ìgbà ni a ń pe ohun tí kò sí lọ́wọ́ ìyá ní àìbìkítà ẹ̀.

25/ Mo tún gbọ́dọ̀ sọ èyí: mílíìkì ọmọdé kì í ṣe májèlé. Ìyá tó kú, ìyá tó ń gba ìtọ́jú tí kò bá ọmú mu, ọmọ tí wọ́n gbà tọ́, ibẹ̀ ló wúlò, bó ṣe wúlò lọ́dún 1867. Ìyá tó ní HIV, tó ń lo oògùn ẹ̀ déédéé, lè fún ọmọ lọ́mú, kó ṣáà bá dókítà ẹ̀ sọ̀rọ̀. Tó bá jẹ́ fídà lo ń fún ọmọ ẹ, se omi, fọ fídà, má là á mọ́lẹ̀, má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ ẹ́ di ìyá burúkú lórí ayélujára. Ọ̀rọ̀ tiwa kì í ṣe pẹ̀lú ẹ.

26/ Ohun tí ìtàn yìí kọ́ mi ni pé àwọn ìyá ò fìgbà kan kọ ọmú sílẹ̀ fúnra wọn. Abiyamọ kì í gbọ́ ẹkún ọmọ ẹ̀ kó má ta tìtì. Wọ́n purọ́ fún wọn ni, pẹ̀lú aṣọ funfun àti agolo ọ̀fẹ́. Àwọn tó gbà wọ́n sílẹ̀ ni àwọn tó jókòó tì wọ́n, tó béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ wọn, tó fún wọn ní káàdì mú lọ sílé. Nítorí náà, tí ẹ bá fẹ́ kí ọmọ mu ọmú nìkan fún oṣù mẹ́fà, ẹ bá ìyá fọ aṣọ, ẹ gbọ́únjẹ fún un, ẹ gbé ọmọ lálẹ́ kó lè sùn. Ẹ̀yin ọ̀gá ibiṣẹ́, ẹ fún un láàyè. Ẹ̀yin aṣòfin, ẹ fún un lóṣù mẹ́fà.

27/ Ẹ lè fi ránṣẹ́ sí aboyún tẹ́ ẹ mọ̀. Ẹ fi ránṣẹ́ sí ọkọ ẹ̀ ṣáájú. Tí ẹ bá jẹ́ ọmọ Imẹ̀sí-Ilé, tàbí tí màmá yín ṣì ní káàdì àtijọ́ yẹn nínú àpótí, ẹ wá sọ fún mi nísàlẹ̀. Mo fẹ́ gbọ́.